Aago Kan Tí Òkìkí Kọ Síta

Láti ìgbà tí àwọn oníbọn ti ń dá ọkọ̀ lọ́nà lójú omi, èrò kì í ṣàdédé wá sí èbúté Òde Ugbò mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tó ṣeé fọkàn tán lórí Google. Ọkọ̀ Olówòkéré, atukọ̀ kan ní èbúté náà, kì í hàn níbẹ̀ rárá. Òkìkí ọmọ rẹ̀ ló ṣe ìkànnì fún un, ṣùgbọ́n bí ìwé ìtàn ló kọ ọ́: "Ẹ wá, kí ìgbì gbé yín relé." Balqees, tíṣà ará Ìwó tó ń gbé ládùúgbò wọn, rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú.

"Òkìkí ìgbì! Ta ni yóò tẹ 'ìgbì gbé mi relé' sórí fóònù? Ohun tí èrò ń wá ni kí o kọ. Ibo lọkọ̀ ń lọ? Ibo ló ń gbà? Aago mélòó ló ń ṣí?"

Òkìkí kọ ọ́. Ọkọ̀ Òde Ugbò sí Àwóyè. Aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn Mólútẹ̀hìn là ń gbà. Ó fi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ wọn fi di èyí tó ń kọ́kọ́ yọ lórí Google. Inú bàbá rẹ̀ dùn. "Òkìkí mi ti kàn dé Èkó!"

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá gbé èrò mọ́kànlá, ó ṣí. Kò pẹ́ rárá tí fóònù Òkìkí fi dún.

"Ṣé ọkọ̀ Àwóyè nìyí?" Ohùn ọkùnrin ni, ó tutù.

"Òun ni, sà. Ẹ̀yin mélòó ni?"

"Ẹ́ńjìnnì wo ló wà nídìí rẹ̀? Ṣé sẹ́fẹ́ńtì-fáìfù tó lágbára yẹn ni? Àbí méjì ni?"

Òkìkí fura. Èrò a máa béèrè owó ọkọ̀, a máa béèrè bóyá ewúrẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ lé ọkọ̀ bá ló ń béèrè ẹ́ńjìnnì.

Ó pa fóònù. Ó pe bàbá rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́. Ó pe Jọọlá tó ń ta epo ní èbúté Mólútẹ̀hìn.

"Àǹtí Jọọlá, ẹ bá mi dá bàbá mi dúró!"

"Bàbá rẹ tí kì í gbọ́ ti ìyá rẹ, ṣé tèmi ni yóò gbọ́?" Jọọlá wá gbọ́ bí Òkìkí ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó dáa. Mo ti ń sáré lọ sétí omi."

Òkìkí ṣí ìkànnì náà, ó ń kà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà bí ìka tó ń tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá pè.

"A ti gúnlẹ̀. Jọọlá ló ń ju gèlè sí wa bí ẹni tí iná ń jó. Èrò ń bínú. Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Bàbá, ẹnì kan pè mí, ẹ́ńjìnnì yín ló ń béèrè. Èmi ni mo kọ ọ́ síta. Aago, ọ̀nà, gbogbo rẹ̀."

Kí bàbá tó fèsì, ẹ́ńjìnnì mìíràn dún lọ́ọ̀ọ́kán nínú fóònù. Ariwo èrò kú pátápátá. Òkìkí fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Ẹ́ńjìnnì náà rọlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ gan-an, kó tó padà sí ọ̀nà òkun.

"Ọkùnrin márùn-ún," bàbá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi tí à ń gbà gan-an ni wọ́n ti jáde."

Òkìkí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó pa aago kan, ó pa ẹ̀yìn Mólútẹ̀hìn. Orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Fóònù tún dún. Kò mọ nọ́ńbà náà. Ó ń wò ó bó ṣe ń dún, kò sì mọ̀ bóyá èrò ni.