Òkè Tí Kò Ya

Aríran ni òpópónà sọ ọ́, kì í sì í ṣe oríyìn rárá. Kó tó di òjò èṣí, Ọmọ Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí bàbá rẹ̀ ló ń ránṣọ fún gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè láti ìgbà tí òun ti ń rákòrò. Ó kàwé, ó kàwé, ó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Ayé sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀: òkè ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ti lanu lórí òkè náà. Ó kan èèkàn irin sí apá méjèèjì ibi tó lanu, ó sì ń wọn àárín wọn. Bí òjò bá pọ̀, àwọn èèkàn a máa jìnnà síra, ìyẹn ni pé ara òkè ń já díẹ̀díẹ̀. Kò sí awo kankan níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí èèkàn ò lè sọ ni ọjọ́ tí òkè máa ya lulẹ̀ sórí àwọn ilé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èèkàn sún, Aríran pariwo kí wọ́n sá, àwọn èèyàn kó ẹrù, wọ́n lọ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Òjò dá. Òkè dúró síbi tó wà bí ẹni pé ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà délé, olè ti kó gbogbo ẹ̀rọ tí onídìrí àdúgbò fi ń gbẹ irun oníbàárà lọ. Ni àwọn ará àdúgbò bá wọ́ lọ tìrítìrí sí ọ́fíìsì láti fi ẹ̀hónú hàn.

"Ká kàn bẹ̀ wọ́n," ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ká sọ pé àṣìṣe ni, kí ọkàn wọn balẹ̀."

"Kì í ṣe àṣìṣe, sà. Òjò ló dá. Ká ní ó rọ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

"Ta ni ìyẹn máa yé? Àwọn èèyàn ò fẹ́ 'bóyá'. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n mọ̀."

Ọmọ àdúgbò ni Aríran, torí náà òun ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún. Ó ní àṣìṣe ni, ó ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ló ti mọ̀ pé òun ti fọ́ ohun tí kò ṣeé ṣà jọ.

Òjò tọdún yìí wá dé, èèkàn sì sún ju tèṣí lọ. Ọ́fíìsì lẹ ìwé pupa mọ́ àwọn òpó, ìkìlọ̀ pé kí wọ́n kó kúrò. Onídìrí já èyí tó wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó fi nu àwọ̀ irun tó dà sílẹ̀. Inú bí Aríran débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú títì. Ó gba ìsọ̀ bàbá rẹ̀ lọ.

Télọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣìnì lọ, kò gbójú sókè. "Aríran, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni òkè wí?"

"Bàbá mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dìde ká lọ sílé mi."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ó máa ya?"

"Kò dá mi lójú, sà."

"Kí wá ni mo fẹ́ máa sá fún?"

"Bí ẹ bá rí ṣòkòtò tí ojú rírán rẹ̀ ti ń tú, ṣé ẹ mọ ọjọ́ tó máa ya? Ṣé ẹ óò wá ní kí oníṣòkòtò wọ̀ ọ́ lọ sóde?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró. "Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé léṣìí, o ní ká sá. Nígbà tó yá, ìwọ yìí kan náà ní àṣìṣe ni. Èwo nínú méjèèjì ni irọ́?"

"Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni irọ́, Bàbá. Ìkìlọ̀ kì í ṣe irọ́."

"Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Àwọn tó o bẹ̀ ń bẹ níta."

Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀. Síbẹ̀ ó jáde, ó dúró sójú ọ̀nà nínú òjò wínníwínní, ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó sọ ọ́ bó ṣe rí: pé òun àti ọ́fíìsì tọrọ àforíjì fún òótọ́ kí ariwo lè rọlẹ̀, pé orí ló kó gbogbo wọn yọ léṣìí, pé òun ò mọ̀ bóyá orí tún máa kó wọn yọ.

Onídìrí káwọ́ gbera. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní òun parọ́ fún wa, ká wá gba òun gbọ́."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi."

"Ṣebí ojú rẹ náà ni mo wò léṣìí."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èké tèṣí, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ rà á lọ́wọ́ Aríran fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀ ni Télọ̀ jáde, ó gbé orí máṣìnì rẹ̀ lé èjìká. Léṣìí, ìrọ̀rí nìkan ló mú lọ. Láti ọjọ́ tó ti ra máṣìnì yẹn, kò tíì kúrò nínú ìsọ̀ rí. Bíríkìlà kan ládùúgbò wò ó, ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ilé bíi mélòó kan tẹ̀ lé e. Onídìrí kò mira.

"Ọmọ rẹ̀ ni Bàbá ń tẹ̀ lé, kì í ṣe èèkàn," ó wí. "Èmi ò lọ́mọ ní ọ́fíìsì yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Aríran wọ egungun, torí pé òótọ́ ni.

Òjò ò dá, òkè ò sì ya. Ọ̀gá gbọ́ ohun tó sọ níta, ó pe Aríran lórí fóònù pé kó ṣì jókòó sílé ná. Bíríkìlà kó ìyàwó àti ọmọ padà sísàlẹ̀ òkè, kò tilẹ̀ dágbére. Bàbá ṣì wà lọ́dọ̀ Aríran; láràárọ̀ ni Aríran ń dúró lójú fèrèsé ilé rẹ̀, níbi tó ti ń rí òkè náà lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ gbé máṣìnì léjìká.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn aláṣọ ń dúró dè mí."

"Ẹ má tíì lọ, Bàbá."

Aríran kò yíjú padà, ó ṣì ń wo òkè, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Àdúrà kí lò ń gbà?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sí. Àfi bí omijé ṣe já bọ́. "Pé kó ya, Bàbá. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó ya, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò parọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ṣì ń gbà á."

Télọ̀ rọra sọ máṣìnì kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi aṣọ bò ó bó ṣe máa ń ṣe nísọ̀.

"Wọ bàtà," ó wí. "Ká lọ bẹ onídìrí kúrò níbẹ̀ kí àdúrà rẹ tó gbà."

Wọ́n jáde. Òjò ṣì ń rọ̀.