Ọ̀rá tí Bortolo Kò Fi Dí Ojú Ìbọn

Wọ́n ní kí n dárí ji Bortolo. N ò dárí jì í, mi ò sì ní í parọ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Gardone tiwa, ìlú àwọn arọbọn ní Ítálì, ilé tó ń rọ ẹnu ìbọn kì í rọ ìdí rẹ̀. Faustino ọkọ mi ló mọ gbogbo rẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Lọ́dún 1959, ará Amẹ́ríkà kan ń wá ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú tó máa kó lọ sílé, irú èyí tí àwọn baba ńlá wọn fi jagun abẹ́lé, tó jẹ́ pé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń kì sí i. Ọkọ mi tú ògbólógbòó kan palẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ, ó fi idẹ rọ tuntun. Odidi ọdún kan. Bó ṣe parí ni Bortolo ọ̀gá rẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ìbọn náà, ó lé Faustino níṣẹ́, ó ní òun lòun rọ ọ́. Faustino kò jẹun dáadáa mọ́. Ó kàn ń wo ògiri.

Ọjọ́ tí oníbàárà náà dé, mo gbé idẹ tí mo ń bá wọn dán nílé lọ sí ilé iṣẹ́ Bortolo. Bortolo ń kì ẹ̀tù àti ọta sí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yí àgbá ìbọn náà ká. Ìbọn ọdẹ ayé òde òní ló ń ṣe láti kékeré. Mo rí i pé kò fi ọ̀rá dí ojú ihò. Bí kò bá sí ọ̀rá, iná ihò kan á ràn mọ́ ìkejì.

"Ìyàwó Faustino, ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ògiri ti dá a lóhùn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó wà, ọ̀gá. Ẹ yìn ín, ká rí i."

"Kí lobìnrin mọ̀? Lọ ro pòlẹ́ńtà, ọkà àgbàdo ẹ!"

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó fọwọ́ òsì gbé ẹnu ìbọn dúró, bí wọ́n ṣe ń di ìbọn ọdẹ mú. Gbàù! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dún pa pọ̀. Ìka méjì fò lọ.

Wọ́n gbé e lọ ilé ìwòsàn. Àlejò náà ní kí ògbufọ̀ bi wá léèrè ẹni tó rọ ìbọn yìí gan-an.

"Ẹni tó rọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀rá ni wọ́n fi ń dí i," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi."

Faustino fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dí ojú ihò òmíràn tó ti rọ pamọ́ sílé, ó yìn ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún.

Ìyàwó Bortolo wá lọ́sẹ̀ kejì.

"Maddalena, o rí i, o dákẹ́?"

"Mo rí i. Nígbà tó ń gba iṣẹ́ ọkọ mi, ìwọ náà rí i, o dákẹ́."

"Ìka èèyàn mà ni!"

"Ọkọ èèyàn ni tèmi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Mo tilẹ̀kùn.