Eyín Apá Ọ̀tún

Eyín náà ti wà nínú abọ́ irin kí Dókítà Han tó rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó funfun, gbòǹgbò rẹ̀ pé, kò ní ihò kankan. Eyín apá òsì tó ti jẹrà ló yẹ kó yọ, kí àwọn tó kù lè ráyè tò. Apá ọ̀tún ló yọ. Ó gbójú sókè wo fọ́tò eyín tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ lódìlódì láàárọ̀ yẹn, tí òsì fi di ọ̀tún.

Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, la ẹnu sílẹ̀ lórí àga, kò tíì mọ nǹkan kan. Hadassah tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀. Kí dókítà tó ki irin bọ ẹnu ọmọ náà, ó ti rọra béèrè pé, ṣé kì í ṣe òsì ni? Han sì ti ní kó di iná mú dáadáa.

Ìyá ọmọ náà, Ìyáàfin Akínọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọlé. Ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ó wo abọ́, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló fi fọ́tò kọ́ lódì," Han ní.

Hadassah kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọmọ náà bú u débi pé àwọn tó jókòó níta dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì mú ọmọ rẹ̀ jáde.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kòríà ló rán Han wá sí Àbújá fún ọdún méjì péré. Ọdún méjì di méjìlélógún. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ní Gwagwalada kó tó ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀ sí Utako, ohun tó sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé dókítà tó bá ṣàṣìṣe kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Hadassah, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, ló kọ́ ọ ní Yorùbá, nítorí àwọn ìyá àgbà tó ń mú ọmọ-ọmọ wá. Òun ló jẹ́ kó mọ̀ pé "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Àwọn ìyá àgbà a sì máa yìn ín pé òyìnbó Ṣáínà yìí mọ ọ̀wọ̀.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ ti lọ, Han fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lè wo dígí tó wà lókè ẹ̀rọ omi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ kò tíì pé wákàtí kan tó fi ń jó o lọ́kàn.

Ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀, ó wakọ̀ lọ sí ilé àwọn Akínọlá ní Jabi. Kò jókòó. Ó ní òun lòun fi fọ́tò kọ́ lódì, pé nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún òun, pé òun purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, òun á fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè fẹjọ́ òun sun níbi tó bá wù wọ́n.

Ìyáàfin Akínọlá fetí sí i títí ó fi parí. Kò pariwo mọ́.

"Mo bú ọmọ ọlọ́mọ níbi tó kúnlẹ̀ sí," ó ní. "Ẹ ti sọ èmi náà di ẹlẹ́ṣẹ̀."

Nígbà tí Han padà dé Utako, àwọn aláìsàn ti lọ tán. Hadassah ń nu àwọn irin tó ti sè, ó ń tò wọ́n. Han sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ foríjì mí." Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Mo ti gbọ́, Dókítà."

Ó yẹ kí Han lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó bi í bóyá tòní ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí àṣìṣe lọ́wọ́ òun.

Hadassah mú irin kan, ó nù ún, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn.

"Ẹ kì í fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn," ó ní.

Han jókòó sórí àga tí ọmọ náà dìde kúrò lórí rẹ̀ láàárọ̀. Fún ọdún mọ́kànlá, ó ti rò pé torí pé òun kì í ṣàṣìṣe ni yàrá náà fi máa ń dákẹ́.