Oògùn Kan Náà ni Èmi àti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ Ń Lò

Oògùn wárápá kan náà ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń lò, iye kan náà, láràárọ̀. Èmi ò ṣubú mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ń ṣubú bí ẹni tí kò lo nǹkan kan.

Ni wọ́n bá sọ mí di pàṣán tí wọ́n fi ń nà án. "Ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Oògùn kan náà!" Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, ló ń sọ ọ́ jù. Ó ní ṣe ni àbúrò mi ń da oògùn nù. Mo ní, "Mà, ilé kan náà la jọ ń gbé, ìṣojú mi ló ti ń gbé e mì." Ó wò mí bí ìgbà tí olè ń jẹ́rìí olè. Inú bí mi dé góńgó.

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò mi. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é, torí abẹ rẹ̀ kì í dá ọgbẹ́ síni lára. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó gbé ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró. Orí ẹní ló ti ń gbé e, ọwọ́ ìyá ìyàwó á sì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní oògùn inú rẹ̀ kò tó, ó sì fi kún iye tó ń lò. Àbúrò mi tún ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó ní tó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, òun á gbé ọmọ lọ sílé ìyá òun. Kì í ṣe obìnrin burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èmi fúnra mi bá àbúrò mi padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Kí lẹ fi ń gbé oògùn yìí mì?" dókítà bi í.

"Oògùn funfun tí wọ́n ń mu fún inú tó ń ta ni, dókítà. Mo fi ń tẹ́ inú, kí oògùn kíkorò má bàa ta mí nínú."

Bàbá wa tó ti kú ló kọ́ wa. Kò sí ohun kíkorò tí a ń gbé mì nílé wa láìtẹ́nú. Èmi kórìíra oògùn tó dà bí ẹfun yẹn, mo ti pa á tì tipẹ́. Àbúrò mi dì í mú bí ogún.

Dókítà mi orí. "Òun ni kì í jẹ́ kí oògùn yín wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ìka ò dọ́gba, ara náà ò dọ́gba. Ara tiyín gan-an, bó ṣe gbà á lánàá lè má jẹ́ bó ṣe máa gbà á lónìí."

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí ìgò funfun náà tán nílé, tí àbúrò mi kò ṣubú rárá. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Dókítà ní kó jáwọ́ nínú èyí funfun, kó máa lo ti wárápá lọ ní iye tó wà, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. A rẹ́rìn-ín délé.

Kò ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dìde dúró, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ káàkiri yàrá.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Gbogbo oògùn tí wọ́n ti fi kún un, tí èyí funfun ti tì mọ́ síta bí ilẹ̀kùn, ya wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìyá ìyàwó ní ọtí ni. Àbúrò mi tí kì í fẹnu kan ọtí!

Mo ń wá bàtà mi ká lè sáré lọ bá dókítà nígbà tí àbúrò mi pè mí. Ó dúró láàárín yàrá, ó gbá ọmọ mọ́ra, kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á."

"Kí ló dé?"

"Méjì ni mò ń rí. N ò mọ èyí tí mo gbé dání."

Mo gba ọmọ náà. Mo kígbe sí ìyàwó rẹ̀ pé kò ṣubú o, kò ṣubú! Ó ní òun rí i. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń kó aṣọ ọmọ sínú báàgì.