Iyẹ̀pẹ̀ Mi Wọ Tasí Lọ sí Sokodé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá ní àpótí kó gbé e wá, ẹni tí kò bá ní, kó jókòó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko mi ni mo fẹ́ sọ. Ìkòkò wà lórí iná, kò ní í pẹ́ jinná.

Ẹ mọ odò wa ní Kambolé níbí. Erékùṣù méjì ló wà láàárín omi. Èyí tó tóbi jẹ́ ti Ìbíkúnlé, àbúrò ọkọ mi. Igbó wà níbẹ̀, àbàtà wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀. Tèmi kò ju àgbàlá mọ́sálásí lọ. Ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi kó tó kú, ibẹ̀ ni gbogbo iṣu mi ti ń jáde. Mi ò ní oko mìíràn.

Lọ́dún tó kọjá, omi ti fà dé orúnkún, mo ń múra àtikọ ebè, ni mo bá ọmọbìnrin kan nínú oko mi. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó kúnlẹ̀, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ mi sínú àpò. Ó kí mi lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló kúnlẹ̀ fún tàbí ilẹ̀ mi. Ó ní Fáòsíátù lorúkọ òun, pé bàbá òun ń ta aṣọ lọ́jà Sokodé, pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga lòun wà. Ó ní àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ lòun ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oríṣi tó wà ní erékùṣù ńlá pọ̀ ju ti kékeré lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ta ló ń wọ tasí láti Sokodé wá wo ekòló?

Nínú ilé wa, a kì í mú iyẹ̀pẹ̀ oko olóko lọ. Ẹni tó bá mú un lọ, iṣu olóko ló mú lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọn ẹsẹ̀ lẹ́nu ààlà ká tó kọjá. Mo wo ọmọ náà títí tó fi wọ inú omi. Kò gbọn ẹsẹ̀.

Mo lọ bá Ìbíkúnlé. N kì í pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, ọkọ mi ni mò ń pè é. Ó ní ọmọ náà bu tòun náà, pé kí ni iyẹ̀pẹ̀ kékeré máa ṣe. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilẹ̀ mi. Mo fura sí òun náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà gbé àwọn àpò rẹ̀ wọ tasí, èmi náà wọ̀ ọ́. Mo jókòó tì í, mo ń kọrin:

Iyẹ̀pẹ̀ mi ń rìnrìn àjò,
Èmi náà ń rìnrìn àjò.
Ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀,
Ibẹ̀ ni n ó ti sọ̀ kalẹ̀ o.

Awakọ̀ gbè é, gbogbo ọkọ̀ gbè é. Ọmọ náà gbè é pẹ̀lú, ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí a dúró ní Tchamba, ó ra àkàrà fún mi. Mo ní mo ń gba ààwẹ̀. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹsẹ̀ tí kò gbọ̀n gbé iṣu mi lọ.

Ní Sokodé, ó gun alùpùpù lọ sí àdúgbò Kouloundè, èmi náà gun òmíràn, mo ní kó máa tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀sán gangan, iná mànàmáná ń jó nínú yàrá yẹn. Iyẹ̀pẹ̀ wà nínú àrọ bí èyí tí a fi ń rọ epo, iná wà lókè rẹ̀, ìgò wà nísàlẹ̀. Ilé ọmọ mùsùlùmí, ó ń rùn bíi sódabì, ọtí ògógóró.

Mo ní, “Gbé iyẹ̀pẹ̀ mi fún mi.”

Kò bínú. Ó ní ooru iná ló ń lé àwọn ohun abẹ̀mí náà sísàlẹ̀ títí wọn á fi já sínú ìgò, pé oje inú ìgò ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà. Ó fi ìgò méjì hàn mí, ti iyẹ̀pẹ̀ tó bù nígbà tó kọ́kọ́ wá, tí mo lọ kí ọmọ mi tí n kò sí nílé. Nínú tèmi, èèrà, ikán, ekòló kan. Nínú ti Ìbíkúnlé, àfi bí ọjà: ọ̀kùn, alántakùn, èyí tó ní ẹ̀mú bí àkeekèé tí kò nírù, àti àwọn tíntìntín funfun tí n kò rí rí.

Mo bi í pé kí ló dé tí tèmi fi rí bẹ́ẹ̀.

“Ilẹ̀ yín kéré, Màmá,” ló wí. “Lórí ilẹ̀ ńlá, ibi tútù wà, ibi gbígbẹ wà, ewé jíjẹrà wà, kálukú rí ibi tó bá a mu. Bí irú kan bá kú tán lórí tiyín, omi kì í jẹ́ kí òmíràn tètè dé.”

“O mọ̀ pé wọn ò pọ̀, o tún wá ń kó wọn.”

Ó gbé àpò tuntun fún mi, kò tíì tú u. Ó kó èyí tó ti gbẹ nínú àrọ náà fún mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn, kò ta sánsán, ó dà bí èlùbọ́ àtijọ́. Mo ní èyí kọ́ ló kúrò lóko mi. Mo ní kó bá mi bu iyẹ̀pẹ̀ tó ní àwọn abẹ̀mí láàyè láti erékùṣù ńlá wá dí i. Ó ní gbogbo wọn kọ́ ló máa dúró o. Mo ní àwọn tó bá dúró, a ó máa kí wọn káàbọ̀.

A jọ padà sí Kambolé. Mo ṣàlàyé fún Ìbíkúnlé pé agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ kan ni mo fẹ́. Ọkùnrin tó fi mí rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyàwó wa, ṣé agbọ̀n lẹ fẹ́ fi kó iṣu mi lọ?”

Inú mi dùn, mi ò purọ́. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní kí ni iyẹ̀pẹ̀ máa ṣe?”

Fáòsíátù ló dá a lábàá pé ká ṣe pàṣípààrọ̀: àpò tuntun mi fún un, agbọ̀n tirẹ̀ fún mi. Ìbíkúnlé gbé méjèèjì wò lọ́wọ́, ó tún gbé e, ó ní tòun wúwo jù, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan padà kó tó gbà. Mo da tèmi sábẹ́ igi lóko mi, mo fi ewé bò ó, mo kọrin fún un. Nígbà tí a ń lọ, ọmọ náà dúró lẹ́nu omi, ó gbọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbọn tòsì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ìgbà yẹn ni mo tó jẹun. A gúnyán nílé Ìbíkúnlé, mo jẹ ti ààwẹ̀ irọ́ mi mọ́ ti ọjọ́ yẹn.

Iṣu ọdún yìí dára. Kòkòrò ló ṣe é ni, òjò ni, mi ò mọ̀, Fáòsíátù náà ní òun kò tíì mọ̀. Ìbíkúnlé sì ń wá yọjú wo ebè mi títí di òní. Iṣu náà ló wà nínú ìkòkò yẹn. Ó ti jinná, ẹ gbé abọ́ wá. Ẹ jẹ ẹ́ yó, kí kálukú máa lọ sùn, ṣùgbọ́n ẹ gbọn ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi o.