Ààrò Tí Adájọ́ Kò Wò

Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí àwọn ará káńsù fi àgádágodo ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa, wọ́n ní èéfín ààrò rẹ̀ ń wọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ògiri. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò náà kó tó kú, ibẹ̀ náà ni Ìyá sì ti ń jẹun. Ó ní kí ọmọ àbúrò òun tó jẹ́ lọ́yà gbé káńsù lọ sílé-ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; bó ṣe ń wí kiri àdúgbò nìyẹn.

Ó kó fọ́tò ààrò náà dání lọ síwájú adájọ́, ti iwájú, ti ẹ̀yìn. Adájọ́ kò wò wọ́n.

“Ìyá, èmi kọ́ ni mo máa sọ bóyá èéfín yín pọ̀,” ni adájọ́ wí. “Iṣẹ́ káńsù nìyẹn. Àmọ́ wọn ò gbọ́ tẹnu yín kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, torí náà mo fagi lé e. Kí wọ́n lọ gbọ́ tẹnu yín, kí wọ́n tó pinnu.”

Lọ́yà ń yọ̀, Ìyá fajú ro. Ṣé ẹni tó gbá a létí náà ni yóò tún lọ rojọ́ fún? Bí wọ́n bá tún tì í pa ńkọ́? Lọ́yà ní wọ́n lè tì í o, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Ní káńsù, Ìyá rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, alága kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé dìde, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Ìyá tipẹ́. Ó ní bí òun bá bi àwọn ọmọ kéékèèké ní ìbéèrè, ikọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn. Òun ò ní kí wọ́n ti ilé búrẹ́dì pa, kí èéfín má wọlé lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?” Ìyá bi í.

“Ẹ̀rù yín ló bà mí, mà. Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹnu yín.”

Alága rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ìyá, nítorí òwe tó ń pa mọ́ káńsù ti padà bá òun náà. Ó kó fọ́tò rẹ̀ jọ, ó ní òun máa gbé ọ̀pá èéfín ga kọjá òrùlé ilé-ìwé, òun ò sì ní dáná mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní kíláàsì. Káńsù gbà, wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ìyá yíjú sí lọ́yà.

“Ká ní adájọ́ yẹn wo fọ́tò mi ni,” ó ní, “ǹ bá jàre, àwọn ọmọ yẹn ì bá sì ṣì máa wúkọ́.”