Ìyá Tíṣà àti Kọ̀ǹpútà Tó Ṣìnà

Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí Bernice Adétúnbọ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà náà ni gbogbo Ìlá ṣì ń pè é. Láti ìgbà náà ló ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà má baà run. Ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ire, ó ti gùn ún lọ sí Ọ̀rà. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ti lọ sọ́run.

Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni gbogbo ohùn náà wà. Gabriel ọmọ rẹ̀ ló pín in sí yàrá méjì fún un: Wíńdóòsì fún lẹ́tà àti ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, ètò mìíràn tó ń jẹ́ Línúùsì fún àwọn ohùn. Bó bá ti tàn án, kọ̀ǹpútà á bi í pé yàrá wo ló fẹ́ wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò bi í ní nǹkan kan. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ọ̀rọ̀ funfun bíntín kan ló wà lórí rẹ̀. Ó pa á, ó tún tàn án. Bákan náà ni. Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà.

“Mà, àfi ká nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ká tún un tò.”

Ìyá Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ kúrò nídìí iná.

Gabriel wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí òkun, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ló bá pe Tolúwalọpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìgbájọ.

“Tolú, kọ̀ǹpútà mi ti kú.”

Tolú ní kó ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún òun. Ó kà á.

“Kò kú, mà. Ó ṣìnà ni. Kí lẹ ṣe sí i kẹ́yìn?”

“Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Ó dáa, mà.”

Tolú kò bi í mọ́. Ìyẹn ló wá ń dun Ìyá Tíṣà.

“Tolú, irọ́ ni mo pa. Wíńdóòsì ń sọ pé àyè ò tó. Mo rí àyè kan tí kò lórúkọ, mo ṣe bí òfo ni, mo pa á rẹ́ lánàá. Ṣé àwọn ohùn náà kọ́ ni mo pa?”

“A ò tíì mọ̀, mà. Ètò kékeré kan ló ń kọ́kọ́ jí, tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá méjèèjì. Bẹ́ẹ bá yọ àyè kan kúrò, nọ́ńbà àwọn tó kù lè yí padà. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì ń wá kiri. Ẹ tẹ l, ẹ tẹ s, kẹ́ẹ tẹ ẹ́ńtà.”

Nọ́ńbà mẹ́rin jáde, ti àwọn àyè tó kù. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ti èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó kan ìkẹta, orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wọ́rọ́wọ́rọ́, Ìyá Tíṣà sì ń kà wọ́n fún Tolú.

“Yàrá Línúùsì nìyẹn, mà! Àwọn ohùn yín wà níbẹ̀!”

Ìyá Tíṣà jókòó dáadáa. Tolú wá ń pe àṣẹ tí wọ́n máa fún kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun ń tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kà á padà fún mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.”

Ẹ̀rín pa Ìyá Tíṣà. Báyìí lòun náà ṣe ń ṣe fún wọn nígbà àpèkọ. Ó kà á, ó rí àlàfo tó ṣèèṣì fi sáàárín, ó yọ ọ́. Wọ́n kọ ìlà méjì sí i, ni ojú dúdú náà bá kúrò. Ìbéèrè yàrá méjì padà dé.

“Ẹ wọ Línúùsì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa á o. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló jí. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tuntun han ètò náà, kó má baà tún ṣìnà.”

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa á, ó tàn án; ó jí fúnra rẹ̀.

Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà. Baba Adéyẹmí ará Ọ̀rà, tó kú lọ́dún tó kọjá, ló ń sọ ìyàtọ̀ ewùrà sí ẹ̀súrú, adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Mà, ta nìyẹn?” ni Tolú bèèrè lórí fóònù. “Bí bàbá mi àgbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.”

“Wá lọ́jọ́ Sátidé, kóo wá gbọ́ ìyókù. Mú fílááṣì ńlá kan tó lè gba gbogbo ohùn wọ̀nyí dání. Mo fẹ́ kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ rẹ.”

Tolú ní òun á mú méjì wá.